Àmín Lórí Òrùlé

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Bàbá Ìbàdí, ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́, ti fẹ̀yìn tì. Ìbàdí tó ń dùn ún náà ló lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àbúrò ìyàwó mi ni fóòmàn fi rọ́pò rẹ̀, èmi àti òun la ó jọ máa fọ fèrèsé ilé gíga báyìí. Èmi fúnra mi ni mo bá a wáṣẹ́, nítorí ìyàwó mi kò jẹ́ kí etí mi sinmi.

Èmi lókè, òun nísàlẹ̀. Á jókòó sórí pákó tí a so mọ́ okùn, á fi ìkọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ kọ́ okùn, èmi á dúró lẹ́yìn òpó irin, màá máa dẹ okùn fún un díẹ̀díẹ̀. Láti ẹ̀yìn òpó, mi ò lè rí i. Etí ni mo fi ń ṣiṣẹ́.

Bí èmi àti Bàbá Ìbàdí ṣe ń ṣe é: màá ní, "Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀." Á ní, "Àmín." Àmín yẹn ló ń sọ fún mi pé ó ti kọ́ ìkọ́. Mo dẹ okùn nìyẹn.

Lónìí mo ṣàdúrà. Kẹ́kẹ́ pa. Mo tún un ṣe. Afẹ́fẹ́ nìkan ló dá mi lóhùn. Ọkàn mi ti fò lọ kí n tó gbọ́ ọ: "Mo ti jókòó o, Ẹ̀gbọ́n. Ó yá." Ó yá kẹ̀!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta

Mo bi í. Ó ní òun ò gba Ọlọ́run gbọ́. Bí ẹni tó ń sọ pé òun ò fẹ́ ṣúgà ló ṣe sọ ọ́!

Mo ní kí ló máa ná an láti ṣe àmín, ẹnu lásán. Ó ní tí òun bá ń ṣe àmín irọ́ fún mi lórí òrùlé, báwo ni màá ṣe gba òun gbọ́ tí òun bá ní òun ti kọ́ ìkọ́? Ìyẹn ló tún bí mi nínú jù.

Ó wá ní àdúrà aboyún ni àdúrà mi. Ṣé òun lóyún ni? Fóòmàn rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

A tún jà. Fóòmàn ní kí á fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú wa á lọ sílé. "Ó yá" la mú: ẹni tó bá ti kọ́ ìkọ́ ni yóò sọ ọ́. Mo lè gbàdúrà mi, ó ní kò dí òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n "ó yá" nìkan ni kí n fi dẹ okùn.

Mo ti fún un lórúkọ: Kí-Nìdí. Gbogbo nǹkan ló ń béèrè ìdí rẹ̀. Kí nìdí tí a fi ń fọ gíláàsì láti òkè wá sísàlẹ̀? Olúwa ò!

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹta

Alàgbà ìjọ wa ní kí n má ṣe bá aláìgbàgbọ́ di okùn kan náà mú. Mo ṣe àmín.

Mo délé, mo bá Kí-Nìdí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ọjọ́ ìsinmi o! Ó tẹ́ okùn iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní mo ti fi okùn yẹn lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó ní kò burú, kí òun kàn bá A wò ó.

Ó rí ibì kan tó ti ń fẹ́ já. Èmi ni mo lọ mú ọ̀bẹ wá.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹta

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ̀ṣọ́ ilé náà gbé omi tútù wá fún wa lórí òrùlé. Ènìyàn dáadáa. Kí-Nìdí ti ń jókòó sórí pákó. Mo ní, "Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀." Ẹ̀ṣọ́ dáhùn lẹ́yìn mi, tọkàntọkàn: "Àmín o!"

Ọwọ́ mi dẹ okùn.

Ọwọ́ mi ni, kì í ṣe èmi — rárá, èmi ni. Pákó yọ lábẹ́ rẹ̀. Kò tíì kọ́ ìkọ́. Mo gbọ́ igbe. Mo fa okùn pa dà títí ó fi bó mi lọ́wọ́. Ìka nìkan ló fi rọ̀ mọ́ etí ògiri. Ẹ̀ṣọ́ ló sáré di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á gòkè.

Ó dùbúlẹ̀ lórí òrùlé, ó ń mí. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ: "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì ní ó yá."

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹta

Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹta

Mo lọ bá Kí-Nìdí nílé. Mo ní mi ò ní gbàdúrà lórí òrùlé mọ́.

Ó ní ta ló ní kí n má gbà á? Ó ní tí mo bá ti ń ṣàdúrà, òun mọ̀ pé òun ni mò ń rò lọ́wọ́, kì í ṣe ọjà tí ìyàwó mi rán mi. Ó ní ìgbà yẹn gan-an lọkàn òun máa ń balẹ̀. Àti pé ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run náà ni òun ń wá lára okùn. Kí-Nìdí ló ń sọ̀rọ̀ báyìí o. Mo sunkún. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo sunkún.

Fóòmàn ti ní kí á pààrọ̀. Láti Ọjọ́ Ajé, èmi ni màá máa sọ̀ kalẹ̀, òun ni yóò di okùn.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹta

Ẹni tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ni yóò di ẹ̀mí mi mú lọ́la. Ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ló fẹ́ dá a dúró? Mo bi ara mi bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ, níwájú Ọlọ́run. Mi ò fẹ́ràn ara mi lónìí.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kẹta

Mo jókòó sórí pákó. Ilẹ̀ jìnnà. Mo fẹ́ gbàdúrà, kò sí nǹkan tó jáde.

Ohùn rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn òpó: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀."

Kò pe Ọlọ́run sí i. Ṣùgbọ́n ó ti ọkàn rẹ̀ wá, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. "Àmín!" Ó ti bọ́ lẹ́nu mi. Mo di okùn mú, mò ń retí kó dẹ̀.

Kò dẹ̀.

"Mo gbọ́ ìyẹn, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Èkejì ńkọ́?"

Mo wo ìkọ́ tó wà níbàdí mi. Ó ṣì yanu sílẹ̀. Mi ò tíì kọ́ ọ.

Mo kọ́ ọ. Mo fà á wò, mo tún fà á wò. "Ó yá." Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ti sùn sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó mi béèrè bí iṣẹ́ ṣe lọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti Ọjọ́bọ̀. Mo ní àbúrò rẹ̀ ṣàdúrà fún mi lórí òrùlé.

Kò gbà mí gbọ́.