Òwú Tó Wà Lọ́rùn Ìgò Oògùn

Ìyàwó mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ẹ̀gbọ́n rẹ tí o wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì kí aya rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ bí ọmọ ìyá. Ṣé o ń rí oorun sùn? Ṣé oúnjẹ ti ń wọ ọ̀fun rẹ? Ní tiwa, a wà, a dúpẹ́. Ara mi le, àfi orúnkún tó ń rán mi létí pé ọmọdé kọ́ ni mí mọ́. Ọmọ rẹ náà ń jẹun, ó ń lọ sílé ìwé, ó sì ń sọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí fún gbogbo àdúgbò. Orúkọ Olófòófó tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò tíì yingin lára rẹ̀.

Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Ṣé o ò mọ bó ṣe máa ń rí ni? Bí mo bá ti gbọ́ “Màámi” lẹ́nu rẹ báyìí, ẹkún á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ìwọ náà á gbè é, a ó sì sọ fóònù sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ní ti lẹ́tà, mo lè sunkún mi tán, kí n nu ojú, kí n tó mú bírò.

Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, o fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn apòògùn, àti pé o ti kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù dé ìdajì, lo bá gbé e tì. O ní nǹkan méjì ló dá ọ dúró. Àkọ́kọ́ ni ìwé ẹ̀rí tí Mátírọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ kọ fún ọ, torí ẹsẹ̀ rẹ kò lè wọ wọ́ọ̀dù yẹn mọ́. Èkejì ni ìbéèrè tí wọ́n máa bi ọ́ pé kí ló dé tí o fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. O ní bí o bá sọ pé wọ́ọ̀dù tí o ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ọkọ rẹ kú sí, wọ́n á ní ńṣe ni ò ń sá. Oṣù yìí ni wọ́n sì máa dáwọ́ gbígba fọ́ọ̀mù dúró. Nígbà tí mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo pa màṣíìnì ìránṣọ mi, mo jókòó tì í.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ rẹ, ẹni tí ìwọ fúnra rẹ sọ ní Ẹnu-Ò-Sinmi. Orúkọ náà bá wọn mu jù. Wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì la gbé wọlé, báwo ló ṣe fẹ́ di ọmọ ilé ìwé? Ta ni yóò máa bá mi wo ẹ̀jẹ̀ ríru?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi oògùn ikọ́ wo orí fífọ́, ẹ ò ṣe jẹ́ kí ẹnì kan nínú ilé yìí lọ kọ́ ọ ní kíkọ́?” Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n kí ọ, àti pé ìpara orúnkún ni wọ́n kọ́kọ́ máa gbà lọ́wọ́ rẹ bí o bá jáde.

Ǹjẹ́ o rántí òwú? Kò tíì pẹ́ tí o wọlé wa nígbà tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ojú mi kò lè ka ìwé wínníwínní ara ìgò. Ìwọ lo ṣí dúrọ́ọ̀ màṣíìnì mi, o so òwú pupa mọ́ ọrùn ìgò ti àárọ̀, o so dúdú mọ́ ti alẹ́. O ní, “Màámi, ẹ ò lè ṣi òwú mọ̀ láéláé.” Ọkọ rẹ ń rẹ́rìn-ín pé oògùn orí fífọ́ òun nìkan ló wà níhòòhò nínú ilé. Nígbà tí àìsàn tirẹ̀ wá dé, èmi ni mo so òwú àwọ̀ ewé mọ́ ìgò tirẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Màámi, èmi náà ti wọṣọ.”

Mo tún rán ọ létí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, torí ó jọ pé o ti gbàgbé ohun tí o ṣe. Oògùn àárọ̀ mi kù díẹ̀, mo lọ ra òmíràn, wọ́n fún mi ní èyí tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀. Mo rò pé àfikún ni. Mo so òwú pupa mọ́ òun náà. Aránṣọ ni mí, ohun méjì tó bá gba òwú kan náà, rírán ni mo máa ń rán wọn pọ̀. Àràárọ̀ ni mo ń gbé méjèèjì mì. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yí mi. Bí mo bá dìde, màá di ògiri mú. Gbogbo àwọn tó wá kí mi sọ pé ọ̀fọ̀ ni, ẹ fi í sílẹ̀, kò sí ìyá tí ọmọ kú fún tí ilé kò ní yí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ìwọ nìkan ni kò gbà. O wà lọ́nà jíjìn, Olófòófó ló ròyìn rẹ̀ fún ọ lórí fóònù; ẹkún tìrẹ kò tíì gbẹ, o ní, “Màámi, ẹ mú ìgò méjèèjì. Ẹ fi orúkọ ńlá sílẹ̀. Ẹ ka orúkọ kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.” Olófòófó ló bá mi kà á. Orúkọ kékeré náà bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. O pariwo: “Màámi! Ọmọ kan náà ni, orúkọ méjì ló ń jẹ́! Ẹ má gbé méjèèjì mì mọ́, ẹ lọ bá dókítà lónìí!” Dókítà ní òótọ́ lo sọ. Kò pẹ́ tí ilé fi dúró sójú kan. Ọ̀fọ̀ ṣì wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo lè nàró ṣe é.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ rí Mátírọ́ọ̀nù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. N kò tíì wọ ibẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti gbé ọmọ mi jáde. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo dúró bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì, títí olùṣọ́ fi ní, “Ìyá, ṣé ẹ sọ nǹkan nù ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì wọlé. Wọ́ọ̀dù náà kò yí padà. Báńdéèjì tí ẹ fi so fèrèsé tó bàjẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ mi sùn sí, obìnrin kan jókòó, ó ń ya irun, ó ń bá ọkọ rẹ̀ jà lórí fóònù pé bàtà ẹsẹ̀ kan ló kó wá fún òun. Mo rò pé inú máa bí mi sí i pé ó ń bẹ láàyè níbẹ̀. Kò bí mi. Mo kí i pé ara á yá. Ó ní, “Àmín, Màmá, ẹ bá mi bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀!”

Mátírọ́ọ̀nù yín tí ẹ̀ ń pè ní Bàtà-Ò-Dún ti dúró lẹ́yìn mi kí n tó mọ̀. Mo sọ ohun tí mo wá fún. Ó ní, “Màámi, mo ti rò pé ó ń bínú sí wa ni.” Mo ní, “Kì í ṣe ìbínú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò lè gba ibí yìí kọjá.” Ó fà mí jókòó, ó sì sọ ohun tí n kò gbọ́ rí. Ó ní lọ́jọ́ tí o wá kó ẹrù ọkọ rẹ, o kò sunkún, dókítà lo lọ bá. O ní, “Oògùn kan náà ni, èmi ni mo fi fún àwọn méjèèjì. Kí ló dé tó jẹ́ lára ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́, tí kò jẹ́ lára ọkọ mi?” Dókítà ní òun kò mọ̀. Mátírọ́ọ̀nù ní àwọn kan nínú ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọkàn rẹ le. Òun ní tòun ní, “Màámi, ẹni tó ń sá lọ kì í dúró bèèrè ìdí. Bí wọ́n bá bi í, kó sọ ìbéèrè yẹn fún wọn, kó sì jókòó.” Níṣojú mi níbẹ̀ ló ti kọ ìwé ẹ̀rí náà. Ó lẹ̀ ẹ́ pa, òun ni mo fi sínú àpò lẹ́tà yìí.

Ìyàwó mi, n kò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ̀kan. Kò sí oògùn tó máa dá ọmọ mi padà. Mo fẹ́ kí o mọ èyí kí o tó wọ ilé ẹ̀kọ́ náà, kí ìwé má baà já ọ kulẹ̀. Má lọ torí rẹ̀ nìkan. Lọ torí ìyá mìíràn tó di ògiri mú níbì kan, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ọ̀fọ̀ ni. Ní ti ọmọ, fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi títí wàá fi rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Ní ti ilé yìí, kò sí ẹni tó máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ. Ọmọ mi ló mú ọ wá bá mi, ṣùgbọ́n kò mú ọ lọ.

Ohun tí o bá kà, kó má fò lọ. Ẹni tó máa bi ọ́ léèrè, kó fi etí ìyá gbọ́ ọ. Oògùn tí ọwọ́ rẹ bá pò, kó máa jẹ́ lára ẹni tó bá lò ó. Ojú rẹ kò ní rí irú èyí mọ́, wàá sì rẹ́rìn-ín nínú ilé tìrẹ.

Èmi ni ìyá ọkọ rẹ, tó kù fún ọ bí ìyá.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: kóòtù tí mo rán fún ọ wà nínú ẹrù tí wọ́n bá mi gbé wá, òun ni kí o wọ̀ lọ síwájú wọn. N kò wọn ọ́, ojú mi mọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní o ti rù, mo mú un wọlé díẹ̀ níbàdí, ṣùgbọ́n mo fi aṣọ sílẹ̀ nínú rẹ̀ tí a lè tú bí o bá tún sanra. Bọ́tìnì òkè pátápátá, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo ṣi òwú lò. Ìgò ọkọ rẹ ti wà lórí màṣíìnì mi láti ọjọ́ náà, n kò lè tú u. Òwúrọ̀ yìí ni mo tú òwú àwọ̀ ewé ọrùn rẹ̀. Kò gùn, bọ́tìnì kan ṣoṣo ló tó rán. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìbéèrè yẹn, fọwọ́ kan bọ́tìnì náà, kí o sì dá wọn lóhùn.