Wọ́n Ní Kí Frederick Wá Tú Ẹ̀rọ Náà

Ojúlé Kẹrìnlá,
Àdúgbò Ìmẹ̀pè,
Ìjẹ̀bú-Òde.
9 Oṣù Kọkànlá, 1984.

Rose, ọ̀rẹ́ àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti fúyẹ́? Ara tiwa le, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò balẹ̀ rárá.

O rántí àbúrò mi Frederick, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ yìnyín Àlàájì Gbàdàmọ́sí lọ́nà Ayépé. Nígbà tí ẹja àwọn oníbàárà pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ àtijọ́ lè mú tutù, òun ló gba Àlàájì nímọ̀ràn pé kí wọ́n ra irú tuntun tí wọ́n ń tò tán lókè òkun, tó máa ń wá ní yàrá onírin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n á kàn gbé yàrá kan ti èkejì, wọ́n á so páìpù wọn pọ̀. Bí iṣẹ́ bá tún pọ̀ sí i, wọ́n á fi òmíràn kún un.

Kí àyè lè wà, wọ́n tú ẹ̀rọ àtijọ́, wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Yàrá méjì dé, inú wa dùn. Èyí tó ní ẹ̀rọ tó máa fún gbogbo wọn ní òtútù ni kò dé. Ìjọba ò fún Àlàájì ní láísẹ́nsì láti kó o wọlé mọ́. Bí ilé iṣẹ́ ṣe di títì nìyẹn. Kúbúrátù, tó ń gbé ẹja sí wọn lọ́dọ̀, wá bá Frederick nílé. Kò tiẹ̀ bínú. Ó kàn béèrè ibi tí òun yóò máa gbé ẹja lọ báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ará Kánò kan ra yàrá méjèèjì, wọ́n sì ní kí Frederick wá tú wọn. Mo ní kó má lọ, kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tú yóò bà á jẹ́, kò sì ní wúlò fún wọn lọ́hùn-ún náà."

Mo bá a lọ. Ó fara balẹ̀ tú wọn, ó fi aṣọ dí ẹnu àwọn páìpù kí eruku má baà wọ̀ wọ́n. Nígbà tí tírélà kó wọn lọ, ó dúró sórí kọ́ńkéré lásán. Àlàájì fọwọ́ kàn án léjìká, wọn kò bú u. Mo rò pé ìyẹn ló dùn ún jù.

Kò jáde mọ́, Rose. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á dúpẹ́, kò ní fọwọ́ kàn án. Bí o bá lè wá, jọ̀ọ́, wá. N kò mọ ohun tí mo tún lè sọ fún un.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Mọ́ṣádé.