Gọ́tà Orí Òrùlé Tí O Ṣe fún Wa

Abà Ìdí-Ọsàn,
Lọ́nà Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Roheemat ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé ara le, ṣé àwọn tòmátì rẹ kì í bàjẹ́ lójú ọ̀nà kí ọkọ̀ tó já wọn sí Mile 12? Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí òòrùn ọjà pa ọ́, kò sì ní jẹ́ kí omi ya wọ ilé rẹ ní Ìkòsì. Tí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, ara èmi le, ara ìyá rẹ náà le, ewúrẹ́ dúdú bí méjì, máńgòrò ẹ̀yìnkùlé sì so tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àdán ti sọ ọ́ di ilé wọn.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé bírò kò ṣeé sọ lórí fóònù, nítorí tí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbogbo abà ló ń gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ inú ilé sì ni eléyìí. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ni.

Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ pé o fẹ́ ṣe gọ́tà fún wa, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò yé mi. Gọ́tà tí mo mọ̀ ni èyí tó wà níwájú ilé rẹ ní Ìkòsì, tí díẹ̀ ló kù kí n já sí nígbà tí mo wá kí ọ. Nítorí náà, kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ tó dé, mo ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ dè wọ́n láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí máńgòrò. Wọ́n wo kòtò mi, wọ́n wo òrùlé. Èyí tó dàgbà nínú wọn ní Bàbá, òkè ni tiyín máa wà. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àṣé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni yóò máa gbà, tí yóò máa dà á sínú táǹkì, kí ìyá rẹ má baà fi orúnkún dídùn rẹ̀ lọ pọn omi lódò mọ́. Oore tí o ṣe fún wa, Ọlọ́hun yóò san án fún ọ. Adìẹ ló ń gbé inú kòtò mi báyìí.

Wọ́n fún mi ní ìwé kan pé kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Àyàntúndé, ẹni tó ń fi sólà bá wa gba iná sí fóònù, ló kà á fún mi, ó ní ìwé náà sọ pé ọdún kan gbáko làwọn tó ta gọ́tà fi dúró fún un. Mo ní ó parí. Tí ewé máńgòrò bá já sínú rẹ̀ láàárín ọdún yẹn, tiwọn ni, wọ́n á wá kó o. Nígbà tí ìyá rẹ ní ewé ti ń pọ̀ lókè, mo fi ìwé hàn án. Ó tún sọ, mo tún fi ìwé hàn án. Ó ní ká pe Ládé káfíńtà, mo ní ṣé èmi tí mo kọ ọ̀pẹ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ládé yóò wá gun òrùlé fún.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni òjò wá dé. A wà ní mọ́sálásí. Omi kún gọ́tà, kò rí ọ̀nà lọ nítorí ewé, ló bá yí padà, ó gba abẹ́ páànù wọ yàrá ìyá rẹ. Kí a tó dé, àpótí rẹ̀ ti rin gbingbin. Fọ́tò Rahmon àbúrò rẹ wà nínú rẹ̀. O mọ̀ pé ẹyọ kan yẹn náà la ní, èyí tí ẹ jọ yà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, kí ibà tó gbà á lọ́wọ́ wa. Omi ti fọ ojú rẹ̀ lọ. Ìwọ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀, aṣọ rẹ̀ nìkan la ń rí, àti ọwọ́ rẹ̀ tó fi di aṣọ rẹ mú.

Ìyá rẹ kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ara ìbá tù mí. Ó sá fọ́tò náà sójú fèrèsé. Ó ń gbé oúnjẹ síwájú mi, ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mẹ́fà, kò bá mi sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ.

Mo pè ọ́, mo ní gọ́tà ti kún, n kò lè sọ ti fọ́tò. Ọjọ́ kejì ni ohùn rẹ wọlé sínú fóònù. Mo gbé e sétí, mo kí ọ, o kò dáhùn, o kàn ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo ní kí o ṣe sùúrù, o kò ṣe. Mo ń béèrè àlàáfíà rẹ, o ti dé orí wáyà iná. Inú bí mi, mo ní Èkó ti ba ọmọ mi jẹ́. Àyàntúndé ló sọ fún mi pé o ti sọ ọ́ sílẹ̀ láti àná ni, pé o kò sí nínú rẹ̀. Má bínú sí mi. Mo wá gbọ́ ọ nígbà mẹ́rin.

O ní ká má gun òrùlé nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí ilẹ̀ bá tutù. Mo dúró kí ilẹ̀ gbẹ. O ní ká wo wáyà iná. Wáyà kò dé ọ̀dọ̀ wa mọ́ láti ìgbà tí igi ti wó lù ú, síbẹ̀ mo wo ibi tí ìbá wà dáadáa. O ní kí n wọ ìbọ̀wọ́. N kò ní, mo fi ìbọ̀sẹ̀ ọdún Iléyá bọ ọwọ́. O ní ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ máa wà lára àkàbà nígbà gbogbo. Mo ronú lórí ẹsẹ̀ kejì títí, n kò mọ ibi tí o ní kí n gbé e sí. O wá ní ká má dá gùn ún, kí ẹnì kan di ìdí àkàbà mú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le, torí ẹnì kan ṣoṣo tó wà nílé ni ẹni tí kò bá mi sọ̀rọ̀.

Mo lọ bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní Roheemat ní kí o wá bá mi di àkàbà mú. Orúkọ rẹ ni mo fi bo ojú. Ó dìde, ó dì í mú. Mo gun igi àkọ́kọ́, mo gun ìkejì. Ní ìkẹta, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Roheemat, láti ọdún tí mo ti fi igbà ọ̀pẹ kọ́ ara ògiri ni òkè ti ń bà mí lẹ́rù. N kò sọ fún ẹnì kankan. Ìwé tí mo ń gbé kiri, ẹ̀rù ni mo fi ń bò. Ìyá rẹ rí ẹsẹ̀ mi, ó ní Bàbá Roheemat, ẹ sọ̀kalẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀. N kò lè wo ojú rẹ̀, ara ògiri ni mo kọjú sí tí mo fi sọ fún un pé ẹ̀rù ló ń bà mí láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ewé, ẹ̀rù náà ló sì jẹ́ kí omi wọ àpótí. Ó ní ká ní mo ti sọ ọ́ ni, òun ìbá pe Ládé, kí òun sì sọ fún gbogbo abà pé oko ni mo lọ. Omi bọ́ lójú mi, ọmọ mi. A jókòó sí ìdí àkàbà níbẹ̀, a sì jọ pe orúkọ Rahmon, èyí tí a kò tíì jọ pè láti ọjọ́ pípẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ládé gbé àkàbà tirẹ̀ wá. Èmi di apá ọ̀tún mú, ìyá rẹ di òsì. Ó ń kó ewé sínú garawa, kò jù ú lu ilẹ̀, ó wá da omi sí i láti mọ̀ bóyá ó ń lọ. Ó ń lọ geere. Ó ní ká gé ẹ̀ka tó nà bo òrùlé, ká fi wáyà oníhò bo gọ́tà, ká sì máa tún un ṣe kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, àti nígbà tí ewé bá wọ́ tán.

Nínú ohùn rẹ, mo gbọ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo ń gun ti ilé rẹ lọ́jọ́ Àìkú. Ta ló ń bá ọ di àkàbà mú? O kò dárúkọ ẹnì kankan. Tí Màríyámọ̀ tí ẹ jọ ń gbélé kò bá sí nílé, jọ̀ọ́, dúró dè é. Ewé kì í sá lọ.

Jọ̀wọ́ fi owó wáyà oníhò ránṣẹ́, pẹ̀lú owó ìbọ̀wọ́. Wọ́n ní báńkì kan wà nínú fóònù Àyàntúndé, fi gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n àárọ̀ ni kí o fi í ránṣẹ́, torí fóònù náà máa ń kú tó bá di ọ̀sán, n kò fẹ́ kí owó há sínú òkùnkùn.

Ọlọ́hun yóò máa ṣọ́ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ. Ibi tí o bá dé, wàá bá ẹni tí yóò dúró tì ọ́. A kò ní fi ojú sunkún rẹ.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé inú òun kò tíì yọ́ sí mi tán, pé ó ku díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ mi, ó ń wo bí mo ṣe ń kọ orúkọ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọláṣùpọ̀.