Mo Bu Omi Sẹ́nu Nítorí Àbúrò Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa? Àdúrà mi ni pé kí ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ rọ̀ fún yín, kí ẹ má rí ohun tó máa gba oorun lójú yín. Àwa náà wà dáadáa níbí. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé eyín tó ń dun òun ti dákẹ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ò tíì dákẹ́.

Àwòrán ilé yín tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ dé. Ilé náà dára gan-an, mo rí yàrá tí ẹ tọ́jú fún àbúrò rẹ, mo rí bẹ́ẹ̀dì tuntun tí ẹ rà. Ṣùgbọ́n mo yí fóònù náà padà kí n lè rí ẹ̀yìnkùlé, ó dúdú, ó ń dán, kò sí fèrèsé kankan níbẹ̀. Ẹ bá onílé sọ ọ́ o, ooru á mú yín.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé. Mo mọ̀ pé mo ti sọ fún ọ pé ó ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ rẹ, pé inú rẹ̀ sì dùn. Àṣé mi ò tilẹ̀ bi í. Ìwọ náà mọ bó ṣe rí, orí rẹ̀ kì í tètè gbé ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sì wúwo lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré, kó tó lanu èmi ti dáhùn. Bí wọ́n bá bi í bóyá ebi ń pa á, èmi ni mo máa ń sọ pé ó ti yó. Ọkùnrin tó ti ń fá irùngbọ̀n o! Mo ti di ẹrù rẹ̀, bàbá rẹ sì ti ń wá ọkọ̀ tó máa gbé e.

Ìgbà náà ni obìnrin kan dé láti ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá. Alágbàfọ̀ tí àbúrò rẹ ń bá fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ló lọ pè é wá. Mo bi obìnrin náà pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an, ó ní òun ń ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ kí wọ́n lè fúnra wọn pinnu, òun kì í bá ẹnikẹ́ni pinnu. Mo ní ṣé wọ́n ń sanwó fún un? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi, ìjọba ń sanwó fún ènìyàn kó má ṣe sọ ohun tó yẹ ká ṣe! Ká ní mo tètè mọ̀ ni, ǹ bá ti ní kí bàbá rẹ lọ kọ́ iṣẹ́ náà, àmọ́ kò lè yege.

Ó tẹ́ àwòrán sórí tábìlì, ilé wa, ilé yín, àti yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀, nítorí alágbàfọ̀ ti ní yàrá náà ṣófo, bí àbúrò rẹ bá fẹ́, kó máa bọ̀. Obìnrin náà wá bi àbúrò rẹ pé níbo ló fẹ́ máa gbé. Mo ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún bi í. Mo tún dáhùn, mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Ó ní màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró dè é. Nígbà tí mo rí i pé ẹnu mi ò ní gbọ́, mo lọ bu omi sẹ́nu, mo jókòó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Bàbá rẹ ní kí ló dé, mi ò lè fọhùn, ó rò pé eyín tòun ti ràn mí.

Obìnrin náà ò kánjú. Àbúrò rẹ mú àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní ilé yín jìnnà, òun ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó wá fi ìka lé yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní ibí yìí, òun sì fẹ́ ní kọ́kọ́rọ́. Omi pá mi lórí, obìnrin náà ló ń gbá mi lẹ́yìn.

Bàbá rẹ fárígá, ó ní ta ló máa ṣọ́ owó rẹ̀, ta ló máa rán an létí oògùn. Obìnrin náà ní ká bi í. Àbúrò rẹ ní kí bàbá òun máa bá òun ṣètò owó, kí alágbàfọ̀ máa rán òun létí oògùn. Mo ní èmi ńkọ́? Ó rò ó, ó ní kí n máa gbé ọbẹ̀ wá, kí n sì máa lọ sílé. Ó dùn mí, mi ò ní fi pamọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa mí náà.

Láti ọjọ́ yẹn mo ti di olùrànlọ́wọ́. Bí bàbá rẹ bá ní ebi ń pa òun, màá gbé búrẹ́dì àti ìrẹsì síwájú rẹ̀, màá bu omi sẹ́nu, màá máa wò ó. Ó ní bí mo bá tún wo òun bẹ́ẹ̀, òun náà á lọ gba yàrá lọ́dọ̀ alágbàfọ̀.

Àbúrò rẹ ti kó lọ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà, lánàá mo gbé ọbẹ̀ lọ fún un. Mo gba inú ṣọ́ọ̀bù kọjá, mo rí ṣẹ́ẹ̀tì tí àbúrò rẹ ti lọ̀, kọ́là wọn dúró gbọn-in. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, kò ṣí, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Mo kan ilẹ̀kùn. Ó ní ta ni? Mo ní èmi ni. Ó ní kí n dúró. Mo dúró, tèmi tọbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, mi ò kanlẹ̀kùn fún un rí. Nígbà tó ṣí i, ó ní ẹ wọlé, ó fi àga lọ̀ mí. Mo jókòó bí àlejò, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé kí n máa lọ sílé.

Torí náà, má bínú nítorí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo bi í bóyá kí ẹ gbé e wá fún un, ó ní òun fẹ́ lọ fúnra òun yan tòun. Fi owó ránṣẹ́ sí i, kó má gba ọwọ́ mi, kó má gba ọwọ́ bàbá rẹ, òun ni kí o fi lé lọ́wọ́. Èmi náà nílò bàtà, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró di ìrọ̀lẹ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ ìwọ àti ọkọ rẹ, á bá ọ tọ́ àwọn ọmọ rẹ. Níbikíbi tí o bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ, títí kan èmi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.