Orin Ìkórè Tí Bàbá Mi Ò Jẹ́ Ká Tún Kọ

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, bí ilẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ tutù bí omi àmù. Mo kí Màámi, mo kí Bùnmi àbúrò mi. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń ka lẹ́tà mi. Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ẹ ó sì gbé e fún Màámi.

Òjò ibí kì í pọ̀, kì í sì í dá. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ṣì ń ṣe ní England. Owó oògùn tí mo fi ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ra sìmẹ́ńtì. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò sí ẹni tí yóò kí mi kú àbọ̀. Ó ń dùn mí gan-an.

Bàbá òyìnbó arúgbó kan wà lára àwọn tí mo ń tọ́jú. Bàbá rẹ̀ àgbà ló ń ṣẹ̀dá orin fún eré orí ìtàgé láyé ọba Edward, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, eré ẹ̀rín tó kún fún orin, tí àwọn ọmọge máa ń dé àkẹtẹ̀ ńlá jó. Ó ní bí eré bá ń lọ lọ́wọ́, wọn á tún ní kó wá orin tuntun kún un, kí èrò lè padà wá. Gbogbo ìlú á máa fi súfèé. Orúkọ ọmọge tó kọ ọ́ ni wọ́n ń kọ gàdàgbà síta. Ti bàbá àgbà náà á wà nísàlẹ̀, wínníwínní. Tí eré bá kásẹ̀ nílẹ̀, orin náà dòkú nìyẹn.

Mo rántí yín. Ọdọọdún lẹ ń ṣe orin tuntun fún àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ nígbà ìkórè, láti Ìlá dé Ọ̀rà, ẹnu lásán lẹ sì fi ń kọ́ wọn. Tí ìkórè bá ti parí, ẹ ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ mọ́, pé a kì í gbé iṣu èṣí lọ síbi ìkórè. Bùnmi fẹ́ fi fóònù gba àwọn orin náà sílẹ̀, ẹ lé e jáde. Ó sọ fún mi pé ohùn yín ti ń há, pé dókítà ní ó lè lọ pátápátá.

Ẹyọ orin kan ṣoṣo ni bàbá yẹn mọ̀ nínú ti bàbá rẹ̀ àgbà. Tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, á kọ ọ́, èmi náà á kọ èyí tí ẹ ṣe fún ẹgbẹ́ Màámi lọ́dún tí Màámi dìde nínú àìsàn. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé kí ló kàn lẹ́yìn ẹsẹ kìíní orin tiwa. Mo ní n ò mọ̀, màá bi bàbá mi. Ó ní kí n tètè bi í, òun fẹ́ gbọ́.

Ó kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá kó ẹrù, mo bi wọ́n léèrè orin bàbá wọn. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ó máa ń kọrin. Bàbá mi, orin bàbá òyìnbó pé lẹ́nu mi. Ti bàbá tó bí mi lọ́mọ ni n ò mọ̀ tán.

Ọlọ́run ti gbọ́ orin yẹn, àwa ni a ò tíì gbọ́ ọ tó. Ẹ jẹ́ kí Bùnmi wọlé tòun ti fóònù rẹ̀.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ò ní fi ohùn ṣàárẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ẹgbẹ́ akọrin.

Èmi ọmọ yín tó ń retí ẹsẹ kejì,
Àbẹ̀kẹ́.