Orúkọ Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Bàbá Rẹ

Merrin, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù o, ìwọ àti gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Melbourne. Ṣé ikọ́ tí mo gbọ́ lọ́fun rẹ lọ́jọ́ tí o pè ti lọ? Mo ń bẹ Ọlọ́run lójoojúmọ́ kó lọ pátápátá, kí Ó sì fi ara Rẹ̀ ṣe aṣọ òtútù fún ọ níbi tí ọwọ́ mi ò lè dé. Àwa náà wà o. Adìẹ mẹ́fà ló ń yé ẹyin, ìkeje kàn ń wò wá níran ni. Àwọn wọ́lábì, ẹranko tó ń tọ kiri yẹn, wọ ẹ̀yìn ọgbà lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n jẹ ọ̀dọ́ igi ápù mọ́kànlá tí bàbá rẹ gbìn, bàbá rẹ sì jáde sí wọn pẹ̀lú ṣíbí tó fi ń jẹun lọ́wọ́, kò sí èyí tó sá nínú wọn. Odò Huon kún dé etí ọ̀nà, ó sì ti fà.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé lórí fóònù o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ yìí sì gba kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ọkàn rẹ balẹ̀, ara bàbá rẹ le, mo ń gbọ́ ohùn àáké rẹ̀ níta báyìí. Ṣùgbọ́n mo purọ́ fún ọ. O rántí ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù kẹta tí o pè, tí mo ní bàbá rẹ wà nínú ọgbà? Kò sí nínú ọgbà. Ọsibítù ní Hobart ló wà. Àyà ló ń dùn ún tí òógùn tútù bò ó, wọ́n sì gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fi nǹkan kékeré kan bí irin inú bírò ṣí ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú ọkàn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n má sọ fún ọ, ó ní wàá fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá máa wo òun bí ẹyin tó fẹ́ fọ́. Má bínú sí wa.

Nígbà tó padà sílé, dókítà ní kó máa lo ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni Noeline ti wọlé, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lẹ́bàá èbúté. Ó ní ẹ̀rọ ìtukọ̀ mẹ́fà nínú gbọ̀ngàn ìlú, ó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé, ó sì ti gba àmì-ẹ̀yẹ lórí rẹ̀ lókè òkun. Dókítà fọwọ́ sí i. Ọmọ mi, ìtukọ̀ ni wọ́n ń pè é, àmọ́ kò sí omi, kò sí ọkọ̀. Èèyàn á jókòó sórí ìjókòó kan tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, á máa fa igi tí wọ́n so mọ́ ṣéènì, fáànù á máa han níwájú rẹ̀, nígbà tó bá sì ti wà á tó kìlómítà márùn-ún, ibi tó ti jókòó náà ló ṣì wà. Mo bi Noeline bóyá wọn ò lè yí i síta kó kúkú gbé wa dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun á rò ó.

Irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù náà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, láti ọ̀kan dé mẹ́wàá. Bàbá rẹ jókòó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó tì í lọ sí mẹ́wàá. Noeline dá a padà sí mẹ́rin. Bàbá rẹ tún tì í lọ sí mẹ́wàá, ó ní òun kì í ṣe ọmọdé. Noeline ní kò burú, Athol, ẹ̀yìn yín ni, kì í ṣe tèmi, ẹ sáà bá mi kí bẹ́ẹ̀dì yín. Lyall tó ni ọgbà ápù tó kọjú sí tiwa wà lórí ẹ̀rọ kejì, ó rẹ́rìn-ín títí ìjókòó fi yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni bàbá rẹ kò lè bẹ̀rẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀, èmi ni mo ń wọ̀ ọ́ fún un. Láti ìgbà náà, mẹ́rin ló ń lò.

Noeline ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tu ọkọ̀ yìí, kì í ṣe apá. Èèyàn á ká orúnkún, á na ọwọ́ síwájú, á wá fi ẹsẹ̀ ti pátákó iwájú bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tó há. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá nà tán ni á tó fi ẹ̀yìn rọ̀ díẹ̀, ọwọ́ á wá fa igi náà wá sísàlẹ̀ àyà. Tó bá ń padà, ọwọ́ ló ń ṣáájú, ara á tẹ̀lé e, orúnkún á gbẹ̀yìn, kó sì rọra padà, torí ibi ìpadàbọ̀ ni àgbàlagbà ti ń rí èémí mí. Bàbá rẹ ń ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó ń fa màlúù jáde nínú ẹrẹ̀. Nítorí pé etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa mọ́, Noeline ní kí n jókòó sórí ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n máa wa tèmi jẹ́ẹ́, kí n sì máa pè é fún un: ẹsẹ̀, ẹ̀yìn, ọwọ́; ọwọ́, ẹ̀yìn, ẹsẹ̀. Merrin, ó ń gbọ́ tèmi! Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mo ti ń sọ fún un pé kó bọ́ bàtà kó tó wọ ilé ìdáná, kò gbọ́ rí, ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ yìí, bí mo bá ní ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ló ń ṣe. Ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ ni a ń fi agbára wà á, àwọn ọjọ́ yòókù a ń rọra wà á débi tí èèyàn á lè máa rojọ́ lọ. Noeline ní ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìsinmi rẹ̀ wà lára iṣẹ́. Bàbá rẹ di ìyẹn mú gan-an, gbogbo ìgbà tí mo bá ní kó wá gé igi, ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun kan bà mí lẹ́rù níbẹ̀ o. Lójú gíláàsì tó wà lórí ẹ̀rọ náà, ọkọ̀ kékeré méjì ló ń sáré. Mo ní ta ló wà nínú ìkejì, Noeline ní bàbá rẹ ni, ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó ń bá ara rẹ̀ díje. Lọ́jọ́ tí ti Ìṣẹ́gun na ti Ọjọ́bọ̀, bàbá rẹ fi ìbínú jan ilẹ̀kùn ọkọ̀ akẹ́rù wa. N kò tíì rí ọkùnrin tó ń jowú ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Èyí tó tún wá ju gbogbo rẹ̀ lọ ni bẹ́líìtì kan tí wọ́n dè mọ́ ọn láyà, tó ń fi ọkàn rẹ̀ ránṣẹ́ sínú fóònù mi. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi, ọkàn náà pupa, ó ń lù nínú fóònù, nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà n kò jẹ́ kí iná fóònù yẹn lọ sílẹ̀ rí. Mo mú wáyà rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́-irun. Nígbà kan tí iná ìlú lọ nítorí ìjì, inú ọkọ̀ akẹ́rù wa ni mo jókòó sí tí mo ń fi ẹ́ńjìnnì gba iná sí i fún wákàtí méjì, bàbá rẹ sì ń mu tíì nínú ilé, kò tilẹ̀ mọ ohun tí mò ń ṣe fún ẹ̀mí rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n kéde ìdíje àwọn àgbàlagbà ní Hobart, mítà ẹgbẹ̀rún kan. Lyall ní òun á lọ, ó sì bi bàbá rẹ bóyá yóò wá bá òun gbé aṣọ ìnura. O mọ bàbá rẹ. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó lè lọ, kí ìlù ọkàn rẹ̀ má sáà ju nọ́ńbà kan tó kọ sílẹ̀ fún un lọ. Òun àti bàbá rẹ gbà, èmi nìkan ni ẹ̀rù ń bà, n kò sì sọ ọ́, torí pé láti ìgbà tó ti kúrò ní ọsibítù, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó ń fọn fèrè ẹnu nínú ilé ìwẹ̀.

Orí fóònù ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà, bàbá rẹ ní kí n bá òun kọ ọ́. Ó gbà mí ní odidi àárọ̀ kan. Fọ́ọ̀mù náà ní kí n wá ọ̀rọ̀ àṣírí tí n ó máa fi wọlé, mo kọ orúkọ ajá wa tó kú, ó ní kò lágbára. Ó dùn mí, ajá tó lé olè méjì. Ó ní kí n fi hàn pé èèyàn ni mí, kí n tọ́ka sí àwòrán iná ojú títì. Mo kọ̀wé sí ibi tí àyè wà pé lábúlé wa a ò ní iná ojú títì, àmọ́ èèyàn ni wá. Ìgbà tó wá kan orúkọ, fóònù náà fúnra rẹ̀ kọ Verna, ó kọ ọjọ́ ìbí mi, mo ní ẹ wò ó bó ṣe gbọ́n, ó mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n wá ní kí n kọ orúkọ ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo kọ Athol sí, torí mo rò pé òun ni wọ́n máa pè sórí ẹ̀rọ bí ìdíje bá ti ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ náà dé, a wọ ọkọ̀ akẹ́rù, a dé Hobart. Bàbá rẹ wọ ṣòkòtò péńpé, itan rẹ̀ funfun bí àlùbọ́sà tí a bó. Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí tábìlì wá orúkọ rẹ̀ títí, kò rí i. Ó bi mí pé, mà, ta lẹ̀yin? Mo ní Verna. Ó ní háà, ẹ káàbọ̀ o mà, ẹ̀rọ kẹta ni tiyín, àwọn obìnrin ẹni àádọ́rin sí mẹ́rìnléláàádọ́rin, ẹ ti ń pẹ́. A bẹ̀ ẹ́ kó pààrọ̀ rẹ̀. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀ wá, àmọ́ ó ní wọ́n ti ti orúkọ pa láti ọjọ́ mẹ́ta, ibi tí bàbá rẹ wà ni ti ẹni tí wọ́n máa pè bí n bá dákú. Lyall bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rí ojú bàbá rẹ, ó pa ẹnu dé. Bàbá rẹ ká aṣọ ìnura rẹ̀ sábẹ́ apá. Ó yí padà, ó jáde.

Merrin, jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Ọlọ́run ti ń bẹ, àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ yẹn ní orúkọ bàbá rẹ ò sí, ara mi fúyẹ́, àfi bíi pé wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí mi. Lẹ́yìn náà ni ojú wá tì mí. Oṣù mẹ́rin ni ọkùnrin yẹn ti ń jí ní òwúrọ̀ lọ wa ẹ̀rọ yẹn.

Mo rò pé ó ti lọ sínú ọkọ̀ láti máa gbé mi lọ sílé. Ó padà wọlé, bẹ́líìtì ọkàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti bọ́ ọ kúrò láyà. Ó ní, Verna, gbé apá sókè. Mo pariwo, mo ní Athol, o ti bọ́ ọ, kí ló máa di ọkàn rẹ mú? Ó ní fóònù yẹn ò dì í mú, kíkà ló ń kà á. Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ fún mi láti ọjọ́ yìí? Ó ní òun rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe, nígbà tó yá ó wá ń dùn mọ́ òun bí mo ṣe ń sáré kiri wá iná fún òun. Ó dè é mọ́ mi, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn mi, òun tí orúnkún rẹ̀ kì í fẹ́ ilẹ̀.

Àwa mẹ́rin ni wọ́n tò. Obìnrin kan láti Launceston wà lápá ọ̀tún mi, èjìká rẹ̀ tó ti Lyall. Wọ́n ní ó yá, gbogbo wọn já lọ bí àgùntàn tó rí ajá. Èmi náà fẹ́ já, bàbá rẹ ní má lé wọn, jẹ́ kí wọ́n lọ, ẹsẹ̀, ẹ̀yìn, ọwọ́. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ fún un, òun ló ń dá padà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn tèmi gan-an, àní títí kan ibi tí mo ti máa ń pòṣé. Nígbà tó ku ọ̀rìnlénírinwó mítà, ọ̀fun mi ń dùn bí irin, itan mi ń jó, mo ní mo fẹ́ dúró. Ó ní dúró kẹ̀, ta ló ní o ò lè dúró? Ṣùgbọ́n wo àwọn méjì tó wà lápá òsì yẹn, wọ́n ti ń fi apá fà á, ẹsẹ̀ wọn ti tán. Mo wò ó, òótọ́ ni. Mo fi ẹsẹ̀ ti pátákó yẹn. Lójú gíláàsì, ọkọ̀ mi kọjá ìkan, ó kọjá ìkejì. Ti Launceston nìkan ni n kò bá. Wọ́n ní ó parí, mo bì sínú ike tí ẹnìkan gbé wá, obìnrin Launceston sì dì mọ́ mi bí mo ṣe rí yẹn. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, bàbá rẹ fi aṣọ ìnura bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Lyall, tó ti irin rẹ̀ lọ sí mẹ́wàá tó sì gbẹ̀yìn nínú àwọn ọkùnrin, ní obìnrin kọ́ ni Athol fẹ́, ọkọ̀ ojú omi ni.

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, bàbá rẹ bi mí bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo ní rárá. Mo wá sọ fún un bí ara mi ṣe fúyẹ́. Ó wa ọkọ̀ títí a fi dé Huonville. Ibẹ̀ ló gbé ọwọ́ lé orúnkún mi, tó ní ẹ̀rù ń ba òun náà, òun ò kàn mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ lójú Lyall. Ìdíje mìíràn ń bọ̀ ní oṣù kọkànlá, ó máa wà á. Èmi náà ní kó lọ, mo sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, jọ̀ọ́ fi dọ́là díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà, ti ọgbà ni mo wọ̀ lọ, ẹrẹ̀ rẹ̀ já sórí ẹ̀rọ wọn. Inú àpò ìwé ni kí o fi sí. Má fi sí báńkì, ògiri wọn gbé káàdì mi mì, mo bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù lójú gbogbo èèyàn, kò dáhùn. Kí o sì wá fúnra rẹ wá wò wá.

Kí Ọlọ́run tó mú ẹsẹ̀ wa dúró mú tìẹ náà dúró. Ilé tí o bá wọ̀ kó gbà ọ́, iṣẹ́ tí o bá fọwọ́ kàn kó rọrùn fún ọ, kí o má sì ṣe àìrí ẹni tí yóò jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Verna

Merrin, bàbá rẹ nìyí. Ìyá rẹ lọ kó ẹyin ni mo fi rí bírò gbà. Ó kọ gbogbo ìwé yìí, kò sọ iye tó fi parí mítà ẹgbẹ̀rún náà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìṣẹ́jú-àáyá méjìdínlọ́gọ́ta. Mo ti sọ fún ẹni tó ń ta epo, mo sọ fún pásítọ̀, mo sọ fún obìnrin tó pè láti tajà lórí fóònù, ó sì kí wa kú oríire. Bá mi sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ.