Bẹ́ńṣì Tí Mo Ní Kí Wọ́n Gbé Kúrò Níta

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ bò mí láṣìírí. Jákàńdè Ìsọlọ̀ ni mò ń gbé, mo sì wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ olùgbé búlọ́ọ̀kù wa.

Bàbá àgbà kan, ẹ jẹ́ n pè wọ́n ní Bàbá Salimat, máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì wọn lábẹ́ igi fúrúùtù, wọn a máa kí tọmọdé tàgbà. Ariwo àwọn tó ń dúró kí wọn níbẹ̀ sú mi. Èmi ni mo dábàá ní ìpàdé pé kí ẹnikẹ́ni má gbé àga síta mọ́. Ìgbìmọ̀ fara mọ́ ọn, wọ́n sì ní kí n gbé bẹ́ńṣì náà pamọ́ sí kọ́rídọ̀ mi.

Ìta wá dákẹ́ lóòótọ́. Kò sì sẹ́ni tó ń kí mi káàbọ̀ mọ́.

Lánàá, Bàbá kanlẹ̀kùn. Mo rò pé ìjà ni wọ́n bá wá.

Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ṣé mo lè jókòó díẹ̀?"

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì wọn, wọ́n kọjú sí ògiri mi.

Ẹ̀yin olùgbọ́, òfin tí mo fẹnu ara mi dábàá, báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde sọ pé ká fagi lé e? Ẹ tètè bá mi dá sí i. Bàbá ní àwọn á tún wá.